Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Kó Má Kí Ẹnikẹ́ni

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé obìnrin náà ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ti bá mi tẹ ìwé náà sílẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo, ó mọ́ roro, ó ku kí n bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ na bíírò sí mi lórí tábìlì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé ní súìtì.

"Ẹnjiníà, nǹkan kékeré ni. Ìwọ ṣáà kọ ọ́ pé àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni, kí gbogbo wa lè máa bá iṣẹ́ lọ."

Nǹkan kékeré! Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níta lórí bẹ́ǹṣì nígbà náà, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń retí kí wọ́n sọ fún òun bóyá òun ṣì níṣẹ́ tàbí òun kò níṣẹ́ mọ́. Bí mo bá bu ọwọ́ lu ìwé yẹn, wọn yóò lé e, orúkọ abanǹkanjẹ́ yóò sì máa tẹ̀ lé e kiri gbogbo Ìbàràpá, níbi tí ilé iṣẹ́ kò ti pọ̀ tó tí ẹni tí ọ̀kan lé yóò fi rí òmíràn sá sí. Mo fi bíírò náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ gun ẹ̀rọ náà lọ wò. Ẹ̀rín ọkùnrin náà gbẹ.

Kí ohun tí mo bá lókè ẹ̀rọ náà tó lè yé ènìyàn, mo gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ náà wà lójú ọ̀nà tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Èrúwà, lẹ́bàá àpáta ńlá kan. Fùláwà ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti Tápà àti àwọn abúlé tó yí i ká ń kó ẹ̀gẹ́ wá, àwọn obìnrin ń bẹ ẹ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì dà á sínú dráyà. Páìpù irin gíga ni dráyà yìí. Ààrò tó ń jó nísàlẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ náà ń gbé ẹ̀gẹ́ tútù lọ sókè páìpù, kí ó sì tó dé òkè ó ti di fùláwà gbígbẹ. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ̀gẹ́ tútù ló ń pa oró afẹ́fẹ́ gbígbóná. Bí ẹ̀gẹ́ kò bá wọlé mọ́, ooru kò rí ohun tí yóò bá jà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Fùláwà tó ṣẹ́kù nínú páìpù á di pupa, á di dúdú, á gbiná.

Èmi ni mo ṣe ètò tó ń darí dráyà yẹn. Iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nìyẹn: bí a ṣe ń mú kí ẹ̀rọ máa wo àbájáde iṣẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa fi ohun tó rí tún iṣẹ́ náà ṣe. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lórí páìpù tó ń mọ bí ooru ti pọ̀ tó. Bátìrì ló ń lò, nítorí wáyà kì í pẹ́ jó lókè yẹn. Ó ń ránṣẹ́ láìlo wáyà, bíi ti rédíò, sí àpótí kan nísàlẹ̀, àpótí náà ló sì ń dín iná ààrò kù tàbí kí ó fi kún un. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n tó pè mí ti pàṣẹ fún sẹ́ńsọ̀ yìí pé kí ó máa ròyìn láìdákẹ́, ìbáà ṣe pé nǹkan yí padà tàbí kò yí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bátìrì á ti kú, ènìyàn á sì máa gun irin gbígbóná lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àìnírònú gbáà ni.

Ẹ wo olùṣọ́ oko. Bí ẹ bá ní kí ó máa sáré wálé ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú wá sọ pé màlúù kò wọ oko, yóò kú sójú ọ̀nà, oko kò sì ní ní olùṣọ́. Ohun tí ẹni tó gbọ́n ń sọ ni pé kí ó jókòó, kí ó la ojú, kí ó sáré wá nígbà tí ó bá rí màlúù. Ohun tí mo ṣe fún dráyà nìyẹn. Mo pààlà fún ooru. Níwọ̀n ìgbà tí ooru kò bá ti ré ààlà yẹn kọjá, kí sẹ́ńsọ̀ dákẹ́. Bí ó bá ré e kọjá, kí ó kígbe. Ìròyìn tí ìṣẹ̀lẹ̀ bí ni mo ń fẹ́, kì í ṣe ìròyìn tí aago bí. Bátìrì tó ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ejò bá bu olùṣọ́ náà jẹ ńkọ́? Òun náà á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ òkú àti ìdákẹ́jẹ́ àlàáfíà, bákan náà ni wọ́n rí létí ẹni tó wà nílé. Nítorí náà ni mo ṣe fi ohun kan kún un: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí sẹ́ńsọ̀ sọ gbólóhùn kúkúrú kan pé òun wà, ó parí. Bí àpótí kò bá gbọ́ ọ nígbà méjì léra, kí ó fúnra rẹ̀ rẹ iná sílẹ̀, kí ó sì lu agogo. Ìkíni ni mo sọ ọ́. Ta ni Yorùbá tó nílò kí a ṣe àlàyé èyí fún òun? Bí àgbàlagbà tó wà ní yàrá kejì kò bá ké sí wa láàárọ̀ títí oòrùn fi là, ṣé a ń sọ pé ara rẹ̀ le nítorí pé kò sọ pé ara òun kò yá? A kì í lọ kan ilẹ̀kùn ni?

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá ń sọ máa wọ orí fóònù òun pẹ̀lú. "Èmi ni ọ̀gá. Mo gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tó bá ń lọ." Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó pè mí.

"Ẹnjiníà, ẹ̀rọ rẹ yìí mà lẹ́nu o! Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ní òun wà. Mo mọ̀ pé ó wà! Ta ló ní ó kú?"

Mo ṣe àlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo rò pé ó yé e. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó lé òṣìṣẹ́ kan padà sílé ní àárọ̀ ọjọ́ kan nítorí pé ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ láìkí i. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ ìtàn náà. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò kí ni nǹkan kan ń ṣe é. Ẹlẹ́ran ara nìkan ló ń lo ìmọ̀ yìí fún; ẹ̀rọ tó gbé iná lọ́wọ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Láìsọ fún mi, ó mú ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ẹni náà kò sì fi í mọ sí yíyọ ìkíni náà kúrò lórí fóònù nìkan. Orísun rẹ̀ ló lọ dí. Ó sọ fún sẹ́ńsọ̀ kí ó má kí ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì sọ fún àpótí kí ó má retí ìkíni.

Ẹni tó ń da ẹ̀gẹ́ sínú dráyà ni obìnrin tí mo ń sọ. Ìyá ìbejì ni, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró láàárín àgbàlá yẹn pe Ìyá Ìbejì, ó kéré tán ènìyàn mẹ́rin á dáhùn, nítorí náà Ìyá Dráyà ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó gbé irin kankan wá sí ìlú, ó ti ń yan gàrí. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá wá yẹ ẹ̀rọ wò: "Ẹnjiníà, ẹ tún ti gbé ilé ìwé yín dé. Ẹ bi dráyà bóyá ó jẹun lónìí." Màá ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi." Á rẹ́rìn-ín, á sì sọ fún mi, láìtú aṣọ tó fi di ẹnu àti imú nítorí eruku fùláwà, irú ẹ̀gẹ́ tó wọlé ní àná, èyí tó pọ̀ lómi àti èyí tó ti gbó tó ní okùn nínú. Kò sí ìgbà kan tí ó ṣì í.

Ẹ̀gẹ́ tó ti gbó náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Okùn inú ẹ̀gẹ́ wé mọ́ irin tó ń tì í wọ páìpù, ọ̀nà sì dí. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó kígbe kò lè kígbe: ìgbọ̀nrìrì páìpù ti tú ẹnu bátìrì rẹ̀, ó ti kú, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó kú. Ọ̀rọ̀ rere ni àpótí gbọ́ kẹ́yìn láti ẹnu rẹ̀, ìyẹn náà ló sì dì mú. Ó fi iná sílẹ̀ bó ṣe wà. Gíríìnì, àwọ̀ àlàáfíà, ni gílóòbù ara rẹ̀ ń tàn.

Obìnrin náà gbọ́ òórùn. Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ àti láti ẹnu akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, dráyà ń rùn o."

"Ó ń rùn bíi kí ni?"

"Bíi gàrí tó ń jó mọ́ ìdí agbada."

"Àwọ̀ wo ni gílóòbù ń tàn?"

"Gíríìnì ni, sà. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn..."

"Ṣé imú yín wá mọ̀wé ju kọ̀ǹpútà lọ ni? Ìyá Dráyà, ẹ padà síbi iṣẹ́ yín. Bí wàhálà bá wà, ẹ̀rọ á sọ."

Ó padà. Nígbà tó dé ibẹ̀, èéfín ti ń yọ. Ìwé kan wà lára ògiri tó ní òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ààrò. Ọ̀gá ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Obìnrin náà wo ìwé yìí, ó wo àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí páìpù, ó fi àkísà di ọwọ́ irin ààrò mú, ó sì yí i títí iná fi kú. Àkísà náà gbiná lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi irin náà sílẹ̀ títí ó fi yí i tán.

Ọ̀gá sáré jáde. Ojú páìpù tó ti wọ́ ló kọ́kọ́ wò. Lójú gbogbo àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó nawọ́ sí obìnrin tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí: "Ìwọ obìnrin yìí, o ti ba ẹ̀rọ mi jẹ́! Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ààrò?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ló dá a lóhùn, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ẹ̀rọ kẹ́dùn. Àwa á bá ọwọ́ kẹ́dùn." Wọ́n gbé Ìyá Dráyà sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbó-Ọrà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ ìwé sùn ún pé ó ṣàìgbọràn, pé àìbìkítà rẹ̀ ló ba dráyà jẹ́, wọ́n sì fi í sínú fáìlì.

Mo gun páìpù náà, mo sì rí bátìrì tó tú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ìwé ìrántí inú àpótí, níbi tí ó ń kọ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sí. Ìkíni ti dáwọ́ dúró pátápátá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú iná. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló dá a dúró. Ọwọ́ ènìyàn ni. Mo padà wọ ọ́fíìsì tìbínútìbínú, mo sì bi ọ̀gá pé ta ló pa ìkíni.

Kò bá mi jà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé ìlànà tí èmi fúnra mi kọ jáde, ó sì kà á sókè: "'Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ìkíni yìí máa wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ lè dá a dúró.' Ó ń dí mi lọ́wọ́. Mo dá a dúró. Ẹnjiníà, èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti fi ìgbéraga kọ ìlànà yẹn ní èdè Yorùbá kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè kà á, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ kà á. Ọkùnrin náà tó àbúrò bàbá mi. Ẹnu mi kò gba "ẹ kò gbọdọ̀" sí i. Wọ́n ti fi pàṣán lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu mi láti kékeré. Mo wá fi bẹ̀bẹ̀ dípò àṣẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé iná. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni kọ "bí ó bá ṣeé ṣe" sí ohun tó dúró láàárín ènìyàn àti iná. Màá fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ojo ni, ó kàn wọ aṣọ ọmọlúàbí ni. Obìnrin yẹn náà sì kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè kí ó tó pa iná tí imú rẹ̀ ti mọ̀ dájú. Gbogbo wa ń wólẹ̀ fún ara wa, ooru sì ń ga.

Alága, bàbá arúgbó tó ni ilé iṣẹ́ náà, dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kẹta. Ó gbọ́ tẹnu ọ̀gá, ó gbọ́ tẹnu mi, ó ní kí wọ́n pe obìnrin náà wọlé, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti ilé. Ìyá, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ ọ̀gá yín, á sì gbà yín padà. Ẹnjiníà, fi ìròyìn tí o kọ sápò. Ó tán."

Kò sí gbólóhùn kan nínú èdè wa tó ń bí mi nínú tó èyí: ẹ bẹ̀ ẹ́, kó parí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún, nítorí pé òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù. Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti fèsì.

"Alága, mo dúpẹ́, ẹ ò ní rí ogun ọmọ. Orúnkún ò dùn mí, mo lè kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí n bẹ̀ wọ́n fún, sà? Ṣé kí n ní kí wọ́n má bínú pé mo pa iná? Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti pè mí ní abanǹkanjẹ́. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì náà ni kí wọ́n ti sọ ẹni tó bà á jẹ́."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yín ti le jù."

"Ọwọ́ mi ló le, sà. Kò ká mọ́."

Mo sọ fún Alága pé n kò ní tún dráyà náà ṣe títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀. Agbára kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó mọ inú àpótí yẹn, mo sì lò ó láìtijú. Arúgbó náà wo páìpù tó wọ́, ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́ tó ti ń rà, ó ní kí a máa lọ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì.

Mo ka ìròyìn mi níbẹ̀, ní ojúmọmọ. Mo fi ẹ̀bi tèmi ṣáájú: pé mo sọ ohun tó jẹ́ dandan di ẹ̀bẹ̀. Mo ka ti ìkíni tí ọ̀gá pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ka ohun tí obìnrin náà lọ sọ ní ọ́fíìsì àti èsì tí wọ́n fún un. Mo ka iye ìṣẹ́jú tó kù kí fùláwà tó wà nínú páìpù gbiná tán, bí kò bá jẹ́ pé ó yí irin yẹn. Ọ̀bẹ dákẹ́ lára ẹ̀gẹ́.

"Ẹnjiníà," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ imú."

Mo tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn nínú. Ọ̀gá ń wo fóònù rẹ̀. Títí mo fi ń kọ èyí, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó jọ pé ó kábàámọ̀, ó sì ṣì jókòó sí àga yẹn.

Akọ̀wé gbé fáìlì wá. Alága yọ ìwé ẹ̀sùn náà jáde, ó fẹ́ ya á sí méjì.

"Ẹ má ya á, sà. Ẹ fún mi."

Ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò kánjú, gbogbo wa sì dúró dè é. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. "Àìbìkítà," ó wí. "Èmi." Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ inú àpò rẹ̀. "Màá tọ́jú ẹ̀. Àwọn ìbejì mi á kà á, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ìyá wọn, àti ibi tí wọ́n ti yọ ọ́."

Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni dráyà yóò ṣetán. Mo ní ó di ọjọ́ kẹjọ. Ó ní kò burú, ọwọ́ òun á ti san nígbà yẹn. Dókítà ti sọ fún àwa méjèèjì pé ìka méjì nínú ọwọ́ náà kò ní ká mọ́ láéláé. Mo la ẹnu láti ṣe àmín. Mo pa á dé.